Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n: Kúìsì ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, síbẹ̀ ọgọ́ta náà ni

Látìgbà tí mo ti ṣèèṣì sọ ọ́ lójú ìwé yìí pé mo gbé Delhi fún ọdún mẹ́ta nígbà tí mò ń kàwé, ẹ ò jẹ́ n sinmi mọ́. Ọ̀rọ̀ físà, ọ̀rọ̀ aṣọ, ọ̀rọ̀ ata wọn. Lóṣù yìí ọ̀rọ̀ ìdánwò ló pọ̀ jù, mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Òṣogbo ni mí, ará Íńdíà ni mo fẹ́, ọdún kẹrin rèé tí a ti ń gbé pẹ̀lú àwọn òbí ẹ̀ ní Delhi. Àbúrò ọkọ mi (èmi ń pè é ní "ọkọ mi" bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé, wọ́n fẹ́ẹ̀ fẹ̀rín pa ara wọn lọ́jọ́ tí mo túmọ̀ ẹ̀ fún wọn) ti kọ ìdánwò SSC CGL lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣirò ò dà á láàmú rárá, Gẹ̀ẹ́sì àti GK (ìmọ̀ gbogbogbòò) ló ń gbé e ṣubú. Èmi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní NCE, mo ní kí n ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó tì í kúìsì ló ń ṣe lórí fóònù, ọgọ́rùn-ún ìbéèrè lójúmọ́, tó bá ti gba ọgọ́ta inú ẹ̀ á dùn, lọ́la á tún gba ọgọ́ta. Tí GK bá dé, á ní ta ló lè há gbogbo ìyẹn sórí. Kí la fẹ́ ṣe, oṣù díẹ̀ ló kù. — Ìyàwó Òṣogbo, Delhi

ÌDÁHÙN: Ìyàwó wa, ẹ kú ilé ọkọ, ẹ kú ooru Delhi. Kí n kọ́kọ́ là á yé àwọn tí wọn ò mọ̀: SSC ni àjọ tó ń gba òṣìṣẹ́ sí àwọn ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ Íńdíà, 1975 ni wọ́n dá a sílẹ̀, CGL sì ni ìdánwò tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ti gba dìgírì. Ìpele kìíní jẹ́ ìbéèrè 100 ní wákàtí kan péré, 25 lórí làákàyè, 25 lórí GK, 25 ìṣirò, 25 Gẹ̀ẹ́sì, máàkì méjì fún èyí tó o bá gbà, wọ́n á sì yọ ìdajì máàkì lára ẹ fún èyí tó o bá kùnà. Ilẹ̀kùn lásán nìyẹn o. Ìpele kejì ni wọ́n fi ń to orúkọ, ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì sì ti di ọ̀gá: ìbéèrè 45, máàkì mẹ́ta-mẹ́ta, 135 nínú 390. Ẹni tí ìṣirò ò dà láàmú tí Gẹ̀ẹ́sì ń dà láàmú, ẹ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ wà.

Ọgọ́rùn-ún ìbéèrè tó ń ṣe lójúmọ́ yẹn, kò tíì kọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń gun òṣùwọ̀n láàárọ̀, tó tún ń gùn ún lálẹ́, tí kò yí oúnjẹ padà. Ọgọ́ta tó gbà yẹn, ó ti mọ̀ ọ́n kó tó jókòó. Ogójì tó kùnà ni ẹ̀kọ́ wà, òun ló sì ń yí lójú fóònù kọjá kíákíá torí ó ń dùn ún.

Ilé tí mo gbé nítòsí Mukherjee Nagar, àdúgbò táwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò ìjọba pọ̀ sí bí eéṣú, táwọn tó ń ṣe fótòkọ́pì kì í tilẹ̀kùn bọ̀rọ̀, ọmọ Bihar kan la jọ gbé yàrá. Ọmọ yìí ní ìwé àkọsílẹ̀ olówó pọ́ọ́kú kan. Ìbéèrè tó bá gbà, kò jẹ́ wò ó mọ́. Èyí tó bá kùnà ló máa kọ síbẹ̀ pẹ̀lú bíró pupa: gbólóhùn náà, ohun tí òun mú, ohun tó yẹ kí òun mú, lẹ́yìn náà ìlà kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "torí pé". Ìlà "torí pé" yẹn ni gbogbo iṣẹ́. Tí kò bá rí i kọ, kò ní sùn, á lọ kanlẹ̀kùn yàrá kejì lóru bí ẹni tílé ń jó. Lọ́jọ́ kan mo ṣí ìwé yẹn, mo rí "discuss about" níbi mẹ́ta, nígbà ìkẹta ó ti fàlà sí i nídìí débi pé ìwé ti lu. Mi ò rí i kó kùnà á mọ́. Èyí tó bá ti lo oṣù kan tí kò kùnà, á fi rúlà pa á rẹ́, tinútinú.

Ẹ bá ọkọ yín ra irú ìwé yẹn lónìí. Kí ọgọ́rùn-ún di ọgbọ̀n, kó sì jẹ́ ìbéèrè tí SSC fúnra wọn ti bi rí, ti ọdún tó kọjá lọ sẹ́yìn, kì í ṣe èyí tẹ́nì kan jókòó sílé hun.

Ibi tí ẹ̀yin wá wúlò ju tíṣà wọn lọ ni mo fẹ́ sọ báyìí, torí àṣìṣe tó ń ṣe yẹn, àṣìṣe tiwa náà ni. "Discuss about" yẹn, Híńdì ló fà á, "ke baare mein" ló wà lẹ́nu wọn, ìyẹn "nípa". Àwa náà "sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀", la bá ní "we discussed about it". Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ́ "about" níbẹ̀ rárá, "we discussed it", ó tán. Ẹ tún wo "since". Híńdì á ní "do saal se", "se" kan náà ni wọ́n ń lò fún ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ àti iye àkókò tó ti gbà, ló bá di "I am living here since two years". Yorùbá ní "láti ọdún méjì", àwa náà á sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìmikàn. "For two years" ni, "since" ń dúró de ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, "since 2022". Ẹ wo "cousin brother": Híńdì ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ní bhai, àwa ń pè é ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, a ò fẹ́ kó dà bíi pé kì í ṣe ọmọ ìyá, la bá so brother mọ́ cousin. Nínú ìdánwò wọn, àṣìṣe ni, "cousin" nìkan. Híńdì ò ní "a" àti "the", Yorùbá ò ní i. Etí ni wọ́n fi ń mú "a" àti "an", kì í ṣe ojú: "an hour", "an honest man", "an M.A.", ṣùgbọ́n "a university", "a European", "a one-rupee coin". Ẹ ní kó pè é sókè, kó má wo lẹ́tà. Nígbà tí ẹ bá ń ṣàlàyé, ẹ ní kó sọ ọ́ lÉdè Híńdì, kẹ́yin sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ̀yin méjèèjì á jọ rí ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti yà kúrò lọ́nà. Tíṣà tí Gẹ̀ẹ́sì bá lẹ́nu látilé ò lè rí i bẹ́ẹ̀.

Pàkúté tó kù ò pọ̀, aṣọ ni wọ́n ń pààrọ̀ fún wọn lọ́dọọdún. Àwọn ọ̀rọ̀ kan ti gbéra wọn níyàwó, wọn kì í bá ẹlòmíì lọ. "No sooner" ń wá "than" kiri, "hardly" àti "scarcely" ń wá "when", "lest" ń wá "should", "senior", "junior" àti "prefer" ń wá "to". Tí ẹ bá rí "no sooner" pẹ̀lú "when", ẹ ti rí panṣágà, ẹ mú un. Furniture, luggage, advice, information, scenery ò gba "s". "Ten-rupee note" ni, "rupees" ò sí níbẹ̀. "One of my friends has", "s" lára friend, "has" torí "one". "The captain as well as the players was late", captain ló ni ọ̀rọ̀, àwọn yòókù sìn ín wá ni. Tó bá mọ ogún irú èyí pẹ̀lú "torí pé" wọn, ó ti kọjá ìdajì ọ̀nà níbi kí wọ́n ní kó wá àṣìṣe inú gbólóhùn.

Ti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dípò gbólóhùn, kó má há a sórí lọ́kọ̀ọ̀kan, kó kó wọn ní ìdílé-ìdílé. "-cide" ni pípa: patricide, ẹni tó pa bàbá, matricide, ìyá, fratricide, arákùnrin, regicide, ọba, genocide, odidi ìran. "-cracy" ni ìjọba. "Phil" ni ìfẹ́, ló jẹ́ kí ẹni tó ń kó sítáǹbù jọ máa jẹ́ philatelist. Ìdílé kan lálẹ́ kan tó.

GK wá ńkọ́? Òótọ́ ló sọ, kò sẹ́ni tó lè há a, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ pa á lálọ̀ọ́. Ẹ ti mọ̀ ọ́n láti Òṣogbo, ààlọ́ àpamọ̀, kí oúnjẹ tó jinná. "Ìlú kan báyìí, ogun mẹ́ta ló jà níbẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ilẹ̀ Delhi ni wọ́n ń jà lé." Panipat. 1526, Babur ṣẹ́gun Ibrahim Lodi, ilé ọba Mughal bẹ̀rẹ̀. 1556, àwọn ọmọ ogun Akbar ṣẹ́gun Hemu. 1761, Ahmad Shah Durrani ará Afghanistan ṣẹ́gun àwọn Maratha. Kí ló dé tó jẹ́ ibẹ̀? Kó mú máàpù, á rí i pé ẹni tó bá ti òkè àríwá ìwọ̀-oòrùn bọ̀ wá sí Delhi, ibẹ̀ ló máa gbà, bíi 90 kìlómítà sí Delhi. Tó bá ti rí ọ̀nà yẹn pẹ̀lú ojú ẹ̀, ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á rí nǹkan dì mọ́. "Àwọn ẹgbẹ́ mi ní ìsàlẹ̀ Íńdíà ń ṣàn lọ sí ìlà-oòrùn, èmi kẹ̀yìn sí wọn." Odò Narmada, Tapi ló bá a rìn. "Ìpínlẹ̀ kan ni mí, ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ló bá mi pààlà, orílẹ̀-èdè míì ló wà lẹ́yìn mi." Meghalaya, Assam ló bá a pààlà, Bangladesh wà lẹ́yìn ẹ̀. Kó máa pa tiẹ̀ fún yín náà, ẹni tó bá hun àlọ́ fúnra ẹ̀ kì í gbàgbé ìdáhùn.

Òfin ìpìlẹ̀ wọn náà, ìtàn ni. Wọ́n fọwọ́ sí i ní 26 oṣù kọkànlá 1949, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 26 oṣù kìíní 1950. Àtúnṣe 42 ti 1976, àsìkò pàjáwìrì Indira Gandhi, olórí ìjọba wọn nígbà náà, ni, ìjọba di gbogbo nǹkan mú, wọ́n tún kọ ojúṣe ọmọ ìlú sí i. Ìjọba tó lé e lọ ló mú àtúnṣe 44 wá ní 1978 láti tú nínú ohun tí tìṣáájú dì, àtúnṣe yẹn náà ló yọ ẹ̀tọ́ sí dúkìá kúrò lára ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀. Àtúnṣe 61 sọ ọjọ́ orí ìdìbò di 18 láti 21. 73 gbé ìgbìmọ̀ abúlé dìde. Tí ẹ bá sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìjà àdúgbò, ẹni tó dì í àti ẹni tó tú u, nọ́ńbà á wọlé fúnra ẹ̀. Ìwé NCERT, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ti ìjọba Íńdíà, ti kíláàsì 6 sí 12, ọ̀fẹ́ ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó tó fún ìtàn, jọ́gíráfì àti òṣèlú. Ti ìròyìn lọ́ọ́lọ́ọ́, ojú ewé kan lóṣù kan, ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ, ẹni tí wọ́n yàn sípò, eré ìdárayá. Ó tán, kò yẹ kó gba àkókò jù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àfọwọ́fà, ìyẹn kéèyàn kàn mú ìdáhùn tí kò mọ̀, torí mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rin tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, tó fà lójú títì, ó ṣeé ṣe kó gba ọ̀kan, ìyẹn máàkì 2, kó kùnà mẹ́ta, ìyẹn 1.5 tí wọ́n yọ. Ìdajì máàkì ló kù fún un, kò burú kò dáa. Àmọ́ UPSC, ìdánwò àwọn ọ̀gá ńlá ìjọba, ìdá kan nínú mẹ́ta máàkì ìbéèrè ni wọ́n ń yọ nínú ìpele àkọ́kọ́, ẹni tó bá fa mẹ́rin lójú títì á gba 2, wọ́n á yọ 2, òfo. Tèmi ni pé kó fà nígbà tó bá ti lé ìdáhùn kan, ó kéré tán, dànù pẹ̀lú ìdí, kó fi èyí tó ṣókùnkùn biribiri sílẹ̀, pàápàá torí ìṣẹ́jú-àáyá 36 ló ní fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kó má jókòó ti ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì àti GK pọ̀, ogún ìṣẹ́jú, kó fi ogójì tó kù jìn fún ìṣirò àti làákàyè.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé èdè ibẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ, wọ́n sì gbéra ga lórí ẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n tún ń fi Gẹ̀ẹ́sì dán ara wọn wò? — Bàbá Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀, 1835 ni Macaulay kọ ìwé tó mú kí ìjọba máa náwó sórí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò fún iṣẹ́ ọ̀gá ìjọba, London ni wọ́n ń ṣe é, ọmọ Íńdíà tó bá fẹ́ á wọkọ̀ òkun. Satyendranath Tagore ni ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tó yege, ní 1863, ẹ̀gbọ́n Rabindranath, akéwì tó gba Nobel. Ó di 1922 kí wọ́n tó máa ṣe é ní Íńdíà náà.

Nígbà tí wọ́n gba òmìnira wọ́n ní Híńdì ni èdè ìjọba, kí Gẹ̀ẹ́sì fi ọdún 15 kẹ́rù ẹ̀. 1965 pé, àwọn Tamil ní ìsàlẹ̀ ní àwọn ò gbà, ta ní kó fi Híńdì jọba lé àwọn lórí, ìjà ńlá ṣẹlẹ̀, ẹ̀mí bọ́. Gẹ̀ẹ́sì dúró títí dòní torí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin náà mọ irú ẹ̀ nílé wa, bàbá. Àmọ́ ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Èdè 22 ló wà nínú òfin ìpìlẹ̀ wọn, ẹni tó bá kọ ìpele kejì UPSC lè fi èyíkéyìí nínú wọn dáhùn, pépà Gẹ̀ẹ́sì kan tó jẹ́ 300 máàkì ṣì wà níbẹ̀ tó gbọ́dọ̀ gba ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún, kì í kà mọ́ èsì. Ní 2023 SSC náà fi èdè ìbílẹ̀ 13 kún Híńdì àti Gẹ̀ẹ́sì fún ìdánwò àwọn òṣìṣẹ́ kékeré. Ìdánwò NTPC ti réluwéè ò tiẹ̀ ní apá Gẹ̀ẹ́sì rárá, GK ni wọ́n fi kún un, 40 nínú 100 ní ìpele àkọ́kọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ́ àwọn ọmọ JAMB ní lẹ́sìn n'Íbàdàn. Mo rí àwọn ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì ará Íńdíà, wọ́n pọ̀ rẹpẹtẹ, ọ̀fẹ́ ni. Ṣé kí n máa fún wọn? — Tíṣà Agbowó

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ gbọn ìyẹ̀fun ẹ̀. Gírámà ibẹ̀, ti Bìrìtìkó kan náà ni, wíwá àṣìṣe inú gbólóhùn àti dídí àlàfo nínú àyọkà á gbè wọ́n dáadáa. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ohùn, ibi tí ohùn ti wúwo nínú ọ̀rọ̀, fáwẹ̀lì tó jọra, JAMB ń bi í, SSC kì í bi í, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn sùn. Ẹ yọ àyọkà tó bá ní lakh àti crore, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún àti mílíọ̀nù mẹ́wàá nìyẹn, ọmọ á máa rò pé irú ẹja ni. Ẹ yọ "prepone" náà, ará Íńdíà ló ń lò ó tí wọ́n bá fẹ́ ṣe nǹkan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá. Ìdáhùn tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀, ẹ má gbà á gbọ́ láìwo díṣọ́nárì, mo ti rí ibi tí wọ́n ti ní "good in English" ló tọ̀nà. Kò tọ̀nà, "at" ni.

Nǹkan kan tún wà. JAMB kì í yọ máàkì fún ìkùnà, Use of English jẹ́ 60, gbogbo ẹ̀ 180 ní wákàtí méjì. Ọmọ tó bá ti fi ìlànà ará Íńdíà kọ́ra ẹ̀ láti fi ìbéèrè sílẹ̀ láìdáhùn, ẹ sọ fún un pé ibí kọ́, kó kun gbogbo ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, Pune ni mo wà, mo ń parí dìgírì mi. Ẹnì kan níbí ní òun lè bá mi ṣe é kí èmi náà kọ SSC kí n rí iṣẹ́ ìjọba, 15,000 rupee ló ní kí n mú wá. Ṣé ọmọ Nàìjíríà lè kọ ọ́? — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Pune

ÌDÁHÙN: Rárá, àbúrò mi. Ọmọ Íńdíà ni wọ́n ń gbà. Àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda fún yàtọ̀ sí ìyẹn ni ará Nepal, ará Bhutan, àti àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ Íńdíà tó ṣí wá láti àwọn orílẹ̀-èdè kan láti wá fìdí kalẹ̀ pátápátá. Ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú ìwé yẹn lóòótọ́, Kenya, Uganda, Tanzania, Zambia, Malawi, Ethiopia àti Zaire ayé ijọ́sí. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀, kó o wá ní ẹ̀jẹ̀ Íńdíà ká tó máa sọ ọ́. Fọ́ọ̀mù CGL tí wọ́n ń bá ẹ pariwo yẹn, 100 rupee ni fún ọkùnrin, obìnrin ò san kọ́bọ̀. Tó o bá ti fún ẹni yẹn lówó, lọ gbà á padà lónìí, mú ọ̀rẹ́ méjì dání.